Ibi Tí Àpáta Alákijà Wà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ jẹ́ ká fi ọkàn gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ ní Alákijà. Bí ẹ bá kúrò lójú títì tó lọ sí Àgbádárìgì, tí ẹ yà sí ọ̀nà Festac, tí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́, iyanrìn ni ẹ ó kọ́kọ́ bá. Ẹ gbẹ́ ẹ síwájú, omi á sun. Ẹ gbọ́n omi náà dànù, ẹ tún gbẹ́ ẹ, ẹ ó kan ẹrẹ̀ dúdú tó ń rùn, tí ewé àti gbòǹgbò jíjẹrà wà nínú rẹ̀. Lábẹ́ ẹrẹ̀ yẹn, iyanrìn mìíràn ni. Kò sí ọkọ́ tàbí ṣọ́bìrì tó lè bá yín dé ibi tí òkúta wà. Ẹni tó bá wá kí yín láti Abẹ́òkúta tàbí Ìdànrè lè béèrè pé, irú ilẹ̀ wo nìyí tí kò ní òkúta?

Ìbéèrè tó dára ni. Etíkun mìíràn wà láyé tó jẹ́ kìkì àpáta. A kò tilẹ̀ ní láti rìn jìnnà: ní Cape Coast ní ilẹ̀ Gánà, orí àpáta tí ìgbì ń lù ni wọ́n kọ́ odi ńlá ibẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n láti ààlà ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ títí kọjá Lẹ́kkí, kò sí irú àpáta bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo létí òkun. Síbẹ̀, àpáta wà lábẹ́ Alákijà. Ó wà nísàlẹ̀ gan-an ni, ó tó kìlómítà 2 láti ibi tí ẹsẹ̀ yín tẹ̀. Bó ṣe débẹ̀, ohun tó bò ó mọ́lẹ̀, àti ìdí tí ohun tó bò ó náà kò fi yé rìn títí dòní ni a fẹ́ kọ́. Ẹ̀ka ìmọ̀ tó ń ṣàlàyé irú nǹkan báyìí ni ìmọ̀ ilẹ̀ àti àpáta, tí wọ́n ń pè ní geology lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Abẹ́òkúta. Akọ òkúta ni àpáta Olúmọ tó wà níbẹ̀, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní granite. Irú akọ òkúta bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 600 ọdún. Kó tó di òkúta, ó yọ́, ó gbóná janjan, inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló sì wà. Díẹ̀díẹ̀ ló tutù. Nítorí pé ó pẹ́ kó tó tutù, àwọn èròjà inú rẹ̀ ráyè kó ara wọn jọ di wóró-wóró tí ojú lásán lè rí. Ẹ mú ẹyọ òkúta kan níbi tí wọ́n ti ń po kọnkéré, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbé e sínú oòrùn. Ẹ ó rí wóró kan tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá; quartz nìyẹn. Ẹ ó rí wóró kejì tó funfun tàbí tó pọ́n rúsúrúsú, feldspar ni. Ẹ̀kẹta pẹlẹbẹ, ó dúdú, ó sì ń kọ mànà. Mica ni wọ́n ń pè é. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí àwọn ló bí gbogbo ilẹ̀ Amuwo-Odofin, níbi tí Alákijà wà.

Nígbà tí òjò bá ń rọ̀, ó máa ń gba afẹ́fẹ́ carbon dioxide mọ́ra nínú òfuurufú àti nínú ilẹ̀ tó ń gbà kọjá. Èyí ń mú kí omi náà kan díẹ̀. Ahọ́n wa kò lè mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n feldspar mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, omi kíkan yìí á sọ feldspar di amọ̀. Quartz ní tirẹ̀ kì í gbọ́. Nígbà tí amọ̀ bá ti ṣí kúrò lára rẹ̀, kò sí ohun tó tún dì í mú mọ́, á já bọ́ ní wóró kọ̀ọ̀kan. Wóró quartz tó já bọ́ yìí ni à ń pè ní iyanrìn. Ẹ ti rí i báyìí pé òkúta kan náà ló bí iyanrìn àti ẹrẹ̀, àti pé àpáta tí àlejò wa láti Abẹ́òkúta ń wá kò sọnù. Ó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ ni.

Odò ló gbé e wá. Odò Ògùn ṣẹ̀ ní àwọn òkè tó wà lápá Ṣakí, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì já sínú ọ̀sà Èkó. Odò Yewa ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn, ó sì já sínú omi Àgbádárìgì. Bí odò bá ń sáré, ó lè gbé iyanrìn àti amọ̀ pọ̀. Bó bá dé ibi tó tẹ́jú, eré rẹ̀ á dín, agbára rẹ̀ á dín pẹ̀lú. Ohun tó bá wúwo ni yóò kọ́kọ́ sọ̀ sílẹ̀. Ẹ ti rí ìyá tó ń fẹ́ ẹ̀wà lórí atẹ rí: ẹ̀wà á bọ́ sílẹ̀ nítòsí, èèpo fúyẹ́fúyẹ́ á bá atẹ́gùn lọ. Bákan náà ni omi ṣe ń ya iyanrìn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹrẹ̀. Ibi tí omi ti ń sáré, iyanrìn la ó bá nísàlẹ̀; ibi tí omi ti dákẹ́ rọ́rọ́, ẹrẹ̀ ló máa ń rọra rọ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìyẹn lè ka ihò tí a gbẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀: ìpele iyanrìn ń sọ pé omi tó lágbára ti kọjá níbẹ̀ nígbà kan, ìpele ẹrẹ̀ ń sọ pé irà tàbí ọ̀sà tó dákẹ́ ló wà níbẹ̀ nígbà mìíràn.

Ó kù kí a mọ bí àyè tó jìn tó kìlómítà 2 ṣe ṣí sílẹ̀ fún iyanrìn láti kún. Fún ìyẹn, a ní láti padà sẹ́yìn dé nǹkan bíi mílíọ̀nù 130 ọdún. Ní ìgbà náà, kò sí Òkun Àtìláńtíìkì láàrin wa àti Bràsíìlì. Ilẹ̀ Áfíríkà àti ti Gúúsù Amẹ́ríkà so pọ̀. Ẹ gbé àwòrán ilẹ̀ ayé síwájú, ẹ wo bí èjìká Bràsíìlì ṣe yọ síta, kí ẹ wo bí etíkun tiwa, láti Gánà dé Kamẹrúùnù, ṣe wọnú. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Alfred Wegener, sọ ọ́ síta ní 1912 pé àwọn ilẹ̀ ńlá ayé ń rìn, àti pé ọ̀kan ni méjèèjì yìí tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ìgbà náà kò gbà á gbọ́. Ó ti kú ní 1930, kí ẹ̀rí tó wá láti ìsàlẹ̀ òkun gbè ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Ooru inú ilẹ̀ ló ń fa awọ ayé síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ohun tí a bá fà á fẹ́lẹ́, ohun tó bá fẹ́lẹ́ á sán, apá tó sán á rì. Bí àpáta tó wà láàrin Áfíríkà àti Bràsíìlì ṣe rì nìyẹn, tí omi sì wọlé. Kòtò ńlá tó ṣẹ́ kù lápá ọ̀dọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ láti gúúsù ìlà oòrùn Gánà, ó gba Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ kọjá, ó sì dé ìpínlẹ̀ Oǹdó. Dahomey Basin ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Etí kòtò náà ga ní àríwá, inú rẹ̀ sì ń dà lọ sí gúúsù. Ìdí nìyẹn tí akọ òkúta fi wà lójú ilẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tó sì jẹ́ pé bí ẹ bá ṣe ń sún mọ́ òkun ló ṣe ń jìn sí i nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni àpáta Alákijà wà.

Mo máa ń ronú gan-an nípa òkun tó wọ àárín Áfíríkà àti Bràsíìlì yìí. Omi tó gba àárín ilẹ̀ kan tó ti jẹ́ ọ̀kan ni àwọn oníṣòwò ẹrú fi ọkọ̀ gbé àwọn ènìyàn wa kọjá láti Àgbádárìgì, tí àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n kó lọ náà sì ń bọ Ṣàngó àti Yemọja ní Bahia, ní Bràsíìlì, títí dòní.

Kòtò náà kò kún lọ́jọ́ kan. Odò ń da iyanrìn àti amọ̀ sínú rẹ̀, òkun ń wọlé, ó ń jáde. Lábẹ́ Àgbádárìgì, ìpele kan wà tí wọ́n fi orúkọ Afowó, ìlú kékeré kan lágbègbè náà, pè. Irú àwọn ìpele àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ló gbé epo tí wọ́n rí ní 1996 ní Aje, ibi kan nínú òkun tó jìn tó nǹkan bíi kìlómítà 24 sí etíkun. Ní 2016 ni epo ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, tí ìpínlẹ̀ Èkó fi di ọ̀kan lára àwọn tó ń mú epo jáde. Ìpele mìíràn tún wà tí mo fẹ́ràn jù lọ, ti Ewékorò. Òkúta ẹfun ni, limestone, ó sì ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 ọdún. Bí ẹ bá fọ́ ọ, ẹ lè rí ìkarahun ẹranko inú òkun nínú rẹ̀. Kí ló gbé ìkarahun òkun dé Ewékorò, ibi tí a ti ń wọkọ̀ ká tó dé Èkó? Òkun ló gùn dé ibẹ̀ nígbà náà. Àwọn ẹranko kéékèèké tó ń gbé inú omi yẹn gba èròjà calcium láti inú omi, wọ́n fi ṣe ìkarahun, wọ́n kú, ìkarahun wọn sọ̀ sílẹ̀, òmíràn hù lé e, títí tó fi di òkúta. Láti 1960 ni ilé iṣẹ́ Ewékorò ti ń sun òkúta náà di sìmẹ́ǹtì. Ó ṣeé ṣe kí ìkarahun àtijọ́ wà nínú ògiri yàrá tí ẹ ti ń ka ìwé yìí.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká fò kọjá ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, ká sún mọ́ ìgbà tí ènìyàn ti wà láyé. Ilẹ̀ Alákijà tí à ń rí kì í ṣe ti ìgbà tí Wegener sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọdé ni.

Òjò ń ti inú òkun wá. Oòrùn ń fa omi òkun sókè, ó di ìkùukùu, ó rọ̀, odò sì ń gbé e padà sílé. Bí èyí bá ń lọ geerege, òkun kì í dín. Ṣùgbọ́n nígbà kan tí ayé tutù gan-an, omi tó rọ̀ sí àríwá ayé, ní Kánádà àti òkè Yúróòpù, kò rí ọ̀nà padà, nítorí yìnyín ló ń dì sí. Ọdún ń gorí ọdún, yìnyín ń gorí yìnyín, títí tó fi nípọn ju kìlómítà 2 lọ níbòmíràn. Omi òkun ló wà nínú gbogbo yìnyín yẹn. Nítorí náà, ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, òkun gbogbo ayé ti lọ sílẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 120 ju bó ṣe wà lónìí. Ẹni tó bá dúró ní Alákijà nígbà náà kò ní gbúròó ìgbì. Bó bá fẹ́ fọ ẹsẹ̀ nínú òkun, yóò rin ju kìlómítà 20 lọ sí gúúsù, kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́ lónìí.

Ayé wá móoru, yìnyín yọ́, omi padà. Ìṣírò kékeré kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe. Ó gba òkun ní nǹkan bí 13,000 ọdún láti gun mítà 120 yẹn. Bí a bá pín in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 lọ́dún. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí òkun ń gùn náà tẹ́jú. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú bẹ́ẹ̀, omi tó gun sẹ̀ǹtímítà 1 sókè lè wọ nǹkan bíi mítà 2 sínú ilẹ̀. Ẹni tó bá lo 60 ọdún láyé á rí i pé òkun ti jẹ ju mítà 100 lọ nínú ilẹ̀ bàbá òun.

Ǹjẹ́ ènìyàn wà nílẹ̀ Yorùbá nígbà náà? Ó wà. Ní 1965, awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ àpáta kan ní Ìwó Ẹlẹ́rú, ní agbègbè Àkúrẹ́, wọ́n sì rí egungun ènìyàn tó ti tó nǹkan bí 13,000 ọdún. Nígbà tí ẹni yẹn ń mí, òkun kò tí ì dé ibi tó wà lónìí, ó ṣì ń bọ̀.

Ibi tí mo ti ń rántí Olókun nìyí. Nínú ọ̀kan lára àwọn ìtàn tí àwọn baba wa sọ, Olókun bínú pé wọ́n dá ilẹ̀ sórí ìjọba omi òun láìbi òun léèrè. Ó rán omi jáde, omi bo oko, ó bo ilé, àwọn ènìyàn ké sókè, ó sì di ìgbà tí Ọ̀rúnmìlà sọ̀ kalẹ̀ kí omi tó padà sẹ́yìn. Èmi kò ní sọ fún yín pé ìrántí ìgbà yìnyín ló wà nínú ìtàn náà, nítorí kò sí ohun tí a lè fi wọ̀n ọ́n. Ohun tó dá mi lójú ni pé ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ mọ etíkun pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ní ibi tí òkè àpáta bá wà, òkun lè bínú títí, kò ní wọ ilé. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ìbínú Olókun àti ìparun oko kò jìnnà síra.

Nígbà tó di nǹkan bí 7,000 sí 6,000 ọdún sẹ́yìn, òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sójú kan. Ìdúró yẹn ló bí ọ̀sà. Ẹ fara balẹ̀ níbí, nítorí ìdí kan ń ti òmíràn. Ìgbì tó ń bọ̀ láti òkun jíjìn kò mọ ìsàlẹ̀ títí tó fi dé ibi tí omi kò jìn mọ́. Níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, ó falẹ̀, orí rẹ̀ ṣì ń sáré, ó sì ṣubú. Bí ìgbì ṣe ń fọ́ nìyẹn. Ibi tó bá fọ́ sí ni agbára rẹ̀ ti ń tán, ibẹ̀ náà ló sì ń sọ iyanrìn sí. Nígbà tí òkun ṣì ń gun òkè, ibi tí ìgbì ń fọ́ sí ń yí padà, iyanrìn kò ráyè kó jọ. Nígbà tó dúró, ìgbì ń fọ́ sí ibì kan náà lọ́sàn-án lóru, fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Iyanrìn ga, ó yọrí jáde, ó di ilẹ̀ gbọọrọ tó nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun. Ìdènà iyanrìn ni mo máa ń pè é. Barrier ni lédè Gẹ̀ẹ́sì. Omi tó sé mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ̀sà.

Ẹ lè fi ojú rí ohun tí mo ń sọ. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú omi láti etí omi Festac kọjá sí òdìkejì, tí ẹ wá fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí òkun lórí ilẹ̀ iyanrìn tó wà lọ́nà Àgbádárìgì, ilẹ̀ á máa ga díẹ̀, á tún lọ sílẹ̀, á tún ga. Orí ibi gíga ni igi àgbọn ti ń ṣe dáadáa. Ibi tó lọ sílẹ̀ máa ń ní omi lákòókò òjò. Ibi gíga kọ̀ọ̀kan ti jẹ́ etíkun nígbà tirẹ̀. Òkun fi í sílẹ̀, ó kọ́ òmíràn síwájú.

Odò tó bá fẹ́ lọ sínú òkun wá rí i pé ọ̀nà ti dí. Kí ló kù fún un? Kó yà sí ẹ̀gbẹ́. Ìdí nìyẹn tí omi tóóró tó wà níwájú Festac, Badagry Creek, fi ń bá etíkun rìn dípò kó kọjú sí i. Láti ààlà Bẹ̀nẹ̀, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà sílẹ̀ fún omi yẹn lápá tiwa ni ẹnu òkun Èkó. Apá kejì rẹ̀ lọ títí dé Pọ́tònófò. Ọ̀nà yẹn ni koríko ojú omi olódòdó àlùkò, water hyacinth, gbà wọ orílẹ̀-èdè wa ní 1984. Omi Àgbádárìgì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ẹ máa ṣọ́ koríko yìí. Lákòókò òjò, ó máa ń bo omi bẹẹrẹ, nítorí omi odò pọ̀, iyọ̀ kéré. Lẹ́rùn, omi odò á dín, omi òkun á gba ẹnu òkun wọlé, iyọ̀ á pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú koríko náà á sì kú. Àwọn àgbà sọ pé Olókun ló ni òkun, Ọlọ́sà ló ni ọ̀sà, ọ̀nì sì ni ìránṣẹ́ Ọlọ́sà. Wọn kò da omi méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀: ìgbì wọn yàtọ̀, iyọ̀ wọn yàtọ̀, ohun ẹlẹ́mìí inú wọn náà yàtọ̀.

Ẹ wá gbé ìtàn Ilé-Ifẹ̀ yẹ̀ wò. Omi ló wà nísàlẹ̀ níbi gbogbo. Ẹni tí Olódùmarè rán fi ẹ̀wọ̀n sọ̀ kalẹ̀, ó da iyẹ̀pẹ̀ inú ìkarahun ìgbín sórí omi, ó gbé adìyẹ ọlọ́mọ-ìka márùn-ún lé e, adìyẹ ń ta á káàkiri, ilẹ̀ sì ń gbòòrò. Àwọn kan ní Ọbàtálá ló ṣe é, àwọn kan ní Odùduwà ló gba iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tí ẹmu pa á. Ifẹ̀ gan-an wà lórí akọ òkúta. Kì í ṣe bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe dá nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ etíkun Èkó ṣe dá nìyẹn: iyẹ̀pẹ̀ tó ti òkè wá, tí a dà sórí omi, tí ohun kan sì ń tàn án káàkiri. Ìgbì ni adìyẹ ibẹ̀.

Ìtàn àwọn Àwórì, tó ni Àmùwò àti Ọ̀jọ́, tún sún mọ́ ẹ̀kọ́ wa ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní Ògúnfúnminíre gbé àwo lé ojú odò Ògùn, ó ń tẹ̀ lé e bó ṣe ń léfòó lọ, títí àwo fi rì ní Ìṣẹ̀rì, ó sì tẹ̀dó síbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti tàn kálẹ̀ dé etí ọ̀sà. Ẹ wo ọ̀nà tí àwo gbà. Ọ̀nà iyanrìn gan-an ni. Ìṣẹ̀rì náà sì jẹ́ ibi tí odò Ògùn ti ń wọ ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ etí ọ̀sà, tí eré rẹ̀ dín, tó sì ti ń sọ ẹrù sílẹ̀.

Ẹ má rò pé ìdènà iyanrìn náà dúró báyìí. Ìgbì etíkun wa ń ti gúúsù ìwọ̀ oòrùn wá, nítorí náà kì í kọjú sí etíkun tààrà, ó máa ń dá a ní ẹ̀gbẹ́. Bó bá gun iyanrìn, ó gùn ún láti ẹ̀gbẹ́; bó bá ń padà, ó máa ń yọ̀ sísàlẹ̀ tààrà. Wóró iyanrìn tó bá a gòkè kò ní bọ́ sí ibi tó ti gbéra, á ti sún sí ìlà oòrùn díẹ̀. Ẹ lè ju èèpo àgbọn sí etí ìgbì, kí ẹ dúró lókè iyanrìn gbígbẹ, kí ẹ máa wò ó. Àwọn onímọ̀ ti ṣírò pé iyanrìn tó ń bá ọ̀nà yìí kọjá létíkun Èkó lọ́dún tó ìdajì mílíọ̀nù sí mílíọ̀nù 1 mítà kúbíkì. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti etíkun Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ wá. Etíkun tó ń gba iyanrìn ní àárọ̀ tó sì ń yọ̀ǹda rẹ̀ ní alẹ́ ni tiwa.

Ní ẹnu òkun Èkó, iyanrìn yìí máa ń kó jọ débi pé ọkọ̀ òkun ńlá kò lè wọlé. Láàrin 1908 sí 1912, ìjọba amúnisìn kọ́ ògiri òkúta méjì wọ inú òkun, kí omi lè máa sáré gba àárín wọn, kó sì fọ iyanrìn dànù. Agbègbè Abẹ́òkúta ni ọkọ̀ ojú irin ti kó òkúta rẹ̀ wá. Ọkọ̀ rí ọ̀nà wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ògiri tó ń darí omi náà ló tún dá iyanrìn dúró. Ní ìwọ̀ oòrùn, lápá Tarkwa Bay, iyanrìn ń kó jọ, ilẹ̀ ń gbòòrò. Ní ìlà oòrùn, ìgbì Bar Beach ń gbé iyanrìn lọ bí ìṣe rẹ̀, kò sì sí òmíràn tó ń dé láti rọ́pò rẹ̀. Òkun jẹ ju kìlómítà 1 lọ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba fi ń da iyanrìn sí Bar Beach tí òkun sì ń gbé e, kí wọ́n tó wá kọ́ ògiri Eko Atlantic. Irú ohun kan náà ṣẹlẹ̀ ní Gánà: láti ìgbà tí ìdídò Akosombo ti parí ní 1965, iyanrìn odò Volta kò fi bẹ́ẹ̀ dé òkun mọ́, òkun sì túbọ̀ ń jẹ ilẹ̀ ìlú Keta tó wà létíkun ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Festac. Irà ni ọ̀pọ̀ ibẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ọ fún àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú, èyí tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977. Iyanrìn ni wọ́n dà lé irà náà. Ẹrẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kún fún omi. Bí ilé bá jókòó lé e, ìwúwo ilé á máa fún omi náà jáde díẹ̀díẹ̀, ẹrẹ̀ á máa fẹ́lẹ́. Ibi tí ẹrẹ̀ ti nípọn á rì ju ibi tó ti fẹ́lẹ́ lọ, ògiri á sì là. Kì í ṣe àìdáa sìmẹ́ǹtì nìkan ló ń fa kí ògiri là. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń ri òpó wọ ilẹ̀ títí tó fi kan iyanrìn tó le kí wọ́n tó gbé ilé ńlá sórí rẹ̀.

Omi bóhóòlù yín náà ní ìtàn tirẹ̀. Ẹ bu u sínú ike funfun bó bá ṣe ń jáde. Ó lè mọ́ gaara. Ẹ fi í sílẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lè ti pọ́n. Irin ló wà nínú rẹ̀. Nísàlẹ̀ ilẹ̀ tí ewé jíjẹrà pọ̀ sí, afẹ́fẹ́ oxygen kò sí, irin sì máa ń yọ́ sínú omi láìhàn sójú. Nígbà tí omi bá jáde tó kan afẹ́fẹ́, irin á dípẹtà, á sì sọ̀ sílẹ̀ ní pupa. Bí a bá tu omi náà ká sínú afẹ́fẹ́, tí a jẹ́ kó tòrò, tí a wá sẹ́ ẹ gba inú iyanrìn mímọ́, ọ̀pọ̀ nínú irin náà á kúrò.

Lónìí, ọkọ̀ afayanrìn ń ṣiṣẹ́ lójú omi tó wà níwájú Festac, wọ́n ń fa iyanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún ilé kíkọ́ àti fún dída irà. Iyanrìn ní ìwọ̀n tó lè dàgẹ̀rẹ̀ mọ. Bí ẹ bá da iyanrìn gbígbẹ jọ, ẹ ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í ga ju nǹkan bíi dígírì 30 lọ kó tó yọ̀. Nígbà tí wọ́n bá gbẹ́ ihò jíjìn sí ìsàlẹ̀ omi, ẹ̀gbẹ́ ihò náà á ga ju ìwọ̀n yẹn, á yọ̀ wọ inú ihò, ti ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ̀ lé e, yóò sì máa fà bẹ́ẹ̀ títí dé bèbè. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé létí omi lè wọ̀n ọ́n fúnra yín. Ẹ ri òpó kan mọ́lẹ̀ síbi tó jìnnà sí bèbè díẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ fi tépù wọn láti ìdí òpó dé etí ilẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ kọ bóyá omi ń kún tàbí ó ń fà, ẹ kọ bóyá ọkọ̀ afayanrìn wà nítòsí lóṣù náà, àti bóyá òjò pọ̀. Ẹ ṣe é fún ọdún méjì ó kéré tán, kí ẹ tó fi oṣù òjò wé oṣù òjò, àti oṣù ẹ̀rùn wé oṣù ẹ̀rùn.